Àwo Rọ́ọ̀kì Kan, Láti Ìjerò dé Birmingham, Títí dé Ẹ̀fọ̀n

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, ẹ̀yin ará ilé: ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń wí? Ó pọ̀. Mo máa ń wọ ṣúẹ́tà méjì lé ara wọn, eyín mi á sì tún máa gbá ara wọn. A ti sọ ìyẹn tán. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó gbé mi lọ́kàn lọ tó sì gbé mi lọ́kàn bọ̀, torí ara mi kò tíì balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti padà. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mo ń lọ. Ìyàwó mi ní kí n tètè kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa yìí kí òun lè sinmi.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Jídé ni.

Ohun tó bà wá jẹ́

Ẹ̀yin tí a jọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Ìjerò, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ wá di ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ ó rántí ẹgbẹ́ eléré wa. Àwa mẹ́rin ni. Èmi ni mo ń ta gìtá, èmi náà ni mo ń pàṣẹ, torí ẹni tó bá mọ èmi Délé mọ̀ pé n kò lè jókòó síbi tí ẹlòmíràn ti ń pàṣẹ. Jídé ọmọ Ẹ̀fọ̀n ló ń lu ìlù òyìnbó. Àwọn méjì tó kù, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń jó jùjú, rọ́ọ̀kì òyìnbó ni tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì ló fi àwo kan sílẹ̀ fún wa nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kan láti Birmingham ló kọ orin inú rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, torí mo mọ̀ yín. Bí mo bá dárúkọ, ẹ ó pa ọ̀rọ̀ mi tì, ẹ ó máa jiyàn lórí ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Kò sí iná mànàmáná ní àdúgbò ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Gírámafóònù oníbátìrì ló ní, mọ́tò inú rẹ̀ sì ti gbó. Bí bátìrì bá ti ń kú, a óò kó o jáde, a óò sá a sórí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, oòrùn á sì tún jí i fún wa fúngbà díẹ̀. Orí ẹ̀rọ yìí ni a ti kọ́ orin náà. Ó wúwo, ó ń fà, ohùn akọrin rẹ̀ sì ń bú bí ohùn àgbàlagbà tó wà nínú kànga. A tú okùn gìtá wa wálẹ̀ kí ó lè bá ohùn yẹn mu. Kò sí ẹni tó fura sí ẹ̀rọ náà, torí orin ìsìn nìkan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún ní sílé, orin ìsìn sì ti máa ń fà tẹ́lẹ̀.

Ní ìsinmi kan, Jídé lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó dé, ó pè wá jọ. Ó ní, "Òun gan-an kọ́ ni a ń ṣe yìí o. Mo gbọ́ àwo yẹn lórí ẹ̀rọ oníná. Ó yá ju báyìí lọ. Sísáré ló ń sáré."

Mo gbé àwo wa sórí ẹ̀rọ. Ó ń fà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ìwọ náà gbọ́ ọ. Ṣé àwo ló ń purọ́ ni?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi! Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń jà, títí di ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún. Gbọ̀ngàn kún, àwọn òbí wà ní ìjókòó iwájú. Jídé gbá igi ìlù méjèèjì pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà bó ṣe gbọ́ ọ ní Ìbàdàn. Ọwọ́ mi kò lè bá a. Gbogbo rẹ̀ dàrú, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí hó lé wa lórí. Inú bí mi, mo gba makirofóònù. Mo ní, "Ẹ má bínú. Jídé ló bà á jẹ́. Òpùrọ́ ni. Ó ní òun gbọ́ orin yìí ní Ìbàdàn, kò sì dé Ìbàdàn rí láyé rẹ̀."

Gbọ̀ngàn fi ẹ̀rín pa á. Jídé yíjú sí mi. Ó kàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé igi ìlù sílẹ̀, ó sì jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ọgbà ti ń pè é ní Jídé Ìbàdàn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gba ìwé ẹ̀rí, ó sì di ọdún mẹ́fà tí mo gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní kí n lọ ṣe ẹ̀kọ́ ọdún kan nílẹ̀ Bírítéènì, tí mo sì rí Birmingham nínú lẹ́tà, mo fò sókè. Ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kọ́ ni mo rò. Mo ní, ó parí. Mo ń lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni orin, n óò sì wá fi han Jídé pé èmi ni mo jàre. Mo di kásẹ́ẹ̀tì kan sáàárín aṣọ mi, èyí tí a gba ohùn ara wa sí nígbà tí a ń dánrawò.

Ìlú tí a kì í kí ara ẹni

Mo dé Birmingham lọ́sàn-án, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Gbogbo ilé ló pupa, gbogbo rẹ̀ jọra, wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kí n tó mọ ilé tí mo wọ̀ sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí gbogbo ẹni tí mo pàdé títí dé ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, bí ẹ ṣe mọ̀ pé ọmọ èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹni mọ́kànlá ni. Ẹni méjì dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì di báàgì rẹ̀ mú dáadáa. Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ń wo ìta. Mo bi ọkùnrin tó jókòó tì mí pé ṣé àlàáfíà ni ilé wà. Ó wò mí, ó ní, "Ilé ta?"

Ìyá onílé mi ní tirẹ̀ ń pè mí ní olólùfẹ́. Níṣojú ọkọ rẹ̀! "Jókòó, olólùfẹ́. Ṣé wàá mu tíì, olólùfẹ́?" Mo ń wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wà ní ìmúrasílẹ̀ láti sá. Ọkùnrin náà ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó gbọ́ tó pe ẹni tí ń gbé mílíìkì wá bẹ́ẹ̀, ni ọkàn mi bá balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ ní kí n sọ ti oúnjẹ. Ẹ̀wà tí wọ́n fi tòmátì àti ṣúgà sè ni wọ́n bù lé búrẹ́dì lórí fún mi. Ṣúgà, nínú ẹ̀wà. Mo bi ìyá onílé bóyá ata wà. Ó wá inú kọ́bọ́ọ̀dù títí, ó mú ìgò kékeré kan jáde, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ní, "Ṣé kò ní ta ẹ́ jù, olólùfẹ́?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kọjú sẹ́yìn, mo da ìdajì ìgò náà sí i, síbẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu. Ẹja tí wọ́n dín tí wọ́n fi bébà wé nìkan ló bá mi lára mu. Mo ń jẹ ẹ́ lórí ìrìn, torí ìjókòó kò wù mí níbẹ̀ rárá. Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ẹsẹ̀ ni mo fi ń ká ìlú náà mọ́, bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Àwọn tó ń lu irin

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá onílé fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ irin. Ariwo ibẹ̀ ti jẹ etí rẹ̀ kan. Nígbà tí mo sọ fún un pé orin rọ́ọ̀kì ló mú ìlú wọn wù mí, ó rẹ́rìn-ín tó fi ń wú ikọ́.

Ó ní, "Àwọn ọmọ àdúgbò wa nìyẹn. Èmi àti bàbá ọ̀kan nínú wọn jọ ń lu irin. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, gbàgà, gbàgà, gbàgà. Ilé wọn kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́. Òun ni wọ́n gbọ́ sùn, òun ni wọ́n gbọ́ jí. Nígbà tí wọ́n wá rí gìtá, kí lo rò pé wọ́n máa fi ta?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn òyìnbó kan tó lówó, tí ìyà kò jẹ rí, ló jókòó sínú yàrá tí wọ́n ń pariwo fún fàájì. N kò mọ̀ pé ọmọ alágbàṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí àwọn bàbá wọn fi ń jẹun, tó ń di wọ́n létí, tó ń gé wọn níka, ni àwọn ọmọ sọ di orin. Bí ẹ bá ń bi mí kí ni ẹ̀bùn wọn, mo lè dá yín lóhùn báyìí: wọn kò tijú ibi tí wọ́n ti wá. Wọn kò sọ pé irin kò dùn-ún gbọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ayé wá gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọmọ bàbá onílé, máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, irun rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí a ń sọ.

"Àwọn arúgbó yẹn?" ló wí. "Orin kan, ogún ìṣẹ́jú! Ta ló ráyè? Wọ́n ti lówó jù, wọ́n ti sanra jù. Orin ìṣẹ́jú méjì ló tó, kí kálukú máa lọ ilé."

Mo dìde. Mo ní kò mọ nǹkan kan. Mo ní ẹni tó bá mọ orin kì í kánjú. Mo sọ ọ́ tí ohùn mi ń lọ sókè, títí ìyá onílé fi gbé tíì sílẹ̀ níwájú mi, tó ní, "Ọmọ kékeré lò ń bá jà, olólùfẹ́." Ojú tì mí, mo jókòó. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Gìtá oníná ni ọmọbìnrin náà gbé kọ́ èjìká. Àwọn tó ń pè ní arúgbó ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú un ké. Ó ń bú wọn, ó sì ń jẹ ogún wọn.

Nínú gbọ̀ngàn tiwọn

Ọ̀kan nínú irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wá ṣeré ní ìlú, kì í ṣe àwọn tó kọ àwo wa. Mo lọ. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, torí gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ ló wọ aṣọ dúdú, wọ́n sì dojú kọ ibì kan náà láìrẹ́rìn-ín. Kò sí ìjókòó àwọn àgbà. Kò sí ẹni tó ná owó mọ́ eléré lórí. Wọn kò jó, wọ́n kàn ń mi orí. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì lọ wọ bọ́ọ̀sì wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ohun tó gún mi lọ́kàn yàtọ̀. Láàárín eré, onígìtá wọn, tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù lára pátákó, dúró. Àwọn mẹ́ta tó ń lo ohun èlò mìíràn náà dúró. Wọ́n kúrò lórí pèpéle, wọ́n lọ mu omi, wọ́n fi onílù nìkan sílẹ̀. Onílù yẹn lu ìlù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà, onígìtá ń wò ó kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó ń dúró dè é.

Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ rere wọn. Nínú àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ wọn, akọrin ni ọba, àwọn tó kù wà lẹ́yìn bí ẹrú. Àwọn ọmọ irin yìí ló ní kí kálukú ní ìgbà tirẹ̀. Mo dúró láàárín àwọn aláṣọ dúdú yẹn, mo ń rò ó: láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, n kò jẹ́ kí Jídé dá lu ìlù fún ìṣẹ́jú kan rí. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn, kò lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Fíráǹkì

Oṣù méje kọjá kí n tó rí àwo tiwa. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà ni mo ti rí i. Fíráǹkì ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín, onírùngbọ̀n funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Mo ní kó gbé e sórí ẹ̀rọ kí n gbọ́ ọ.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó ń sáré. Akọrin ń ké fitafita bí ẹni tí iná jó, ohùn rẹ̀ lọ sókè jìnnà sí ohun tí mo mọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Ó ń sáré jù."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni?" Kò bá mi jiyàn. Ó gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ kejì. Bákan náà. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sórí ẹ̀kẹta tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Bákan náà ló ń sáré.

Mo ṣì ń bá a jà. Mo ní ọdún méjì ni mo fi ta orin yẹn, mo mọ̀ ọ́n ju orúkọ mi lọ. Fíráǹkì fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Irú ẹ̀rọ wo lo fi ń gbọ́ ọ nílé?"

Mo ní, "Oníbátìrì."

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rántí ìyẹn fún àwọn òyìnbó. Ọkùnrin náà rí i pé ara mi ti bù máṣọ, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ń lọ gbé omi tíì kaná. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àwo tó ń yí. Jídé ló jàre. Láti ìgbà yẹn wá, Jídé ló jàre.

Nígbà tó padà, mo fa kásẹ́ẹ̀tì yọ. N kò mọ ohun tí mo ń wá mọ́. Bóyá mo fẹ́ kí ó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú ni. Ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe orin tiwọn. Ṣùgbọ́n ó dára. Ṣé o mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Inú àwo àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọn ò rí ẹni tó máa kọ́ wọn. Wọ́n ṣì í gbọ́, wọ́n ṣì í ta, ó di tiwọn."

Ẹ wo bí ìtura ṣe bá mi! Mo mu tíì náà dé ìdí. Ó yá, àṣìṣe wa di ọgbọ́n nìyẹn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún Jídé, pé àwa méjèèjì la jàre, pé kí a gbàgbé ohun tó ti kọjá.

Fíráǹkì tún yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn. Ó ní, "Ta ni onílù yín?"

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Gbọ́ ọ. Kò fẹ́ wà níbi tí ẹ fi í sí. Ó ń tì yín síwájú, ẹ ń fà á sẹ́yìn. Ẹni yìí mọ bí orin náà ṣe ń lọ. Ṣé kò sọ fún yín?"

Mo ní ó sọ. Mo san owó àwo, mo sì jáde. N kò wọ bọ́ọ̀sì. Mo fẹsẹ̀ rìn títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹja dídín kò wù mí jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì kí mi. Lọ́jọ́ náà nìkan ni inú mi dùn sí àṣà wọn yẹn.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ sí Jídé láti ìlú òyìnbó. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Bí mo bá ti kọ "orin náà sáré lóòótọ́," ọwọ́ mi á dúró, torí mo mọ̀ pé ó ku nǹkan kan, n kò sì fẹ́ kọ ọ́.

Láti Àrámọ̀kọ lọ sókè

Mo padà sí Ìjerò. Ẹ wá kí mi, ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ bi mí nípa òtútù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dá ọjọ́, mo ń yẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn mo gbé àwo náà àti ẹ̀rọ kékeré kan pẹ̀lú bátìrì tuntun, mo wọ mọ́tò.

Ní Àrámọ̀kọ, mọ́tò dúró kí èrò lè pé. Ìyá àgbà kan wọlé jókòó tì mí. Kí ẹni tó kù tó wọlé, ó ti bi mí ọmọ ta ni mí, ìjọ wo ni mò ń lọ, ọmọ mélòó ni mo bí, àti kí ló dé tí mo rù. Kí a tó ṣí, ó ti fún mi ní ẹ̀pà. Ọdún kan gbáko ni ìyẹn ti fi ń wù mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn n kò lè fara balẹ̀ gbádùn rẹ̀. Bí mọ́tò ṣe ń gun àwọn òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, mo ń tún ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún Jídé tò.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo béèrè Jídé tó jẹ́ tíṣà. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ títí. Ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ wá ní, "Ṣé ulé Tíṣà Ìbàdàn lẹ̀ ń wá? Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní ọmọ Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀."

Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo ní kó fi ọ̀nà hàn mí.

Jídé wà níwájú ilé, ó ń bẹ́ igi. Ó ti sanra díẹ̀. Ó rí mi, ó gbé àáké sílẹ̀, ó ní, "Délé. Káàbọ̀." Bí ẹni pé àná ni mo lọ. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá, ó sì wọlé lọ gúnyán láìbi mí ohun tó gbé mi wá.

Mo gbé ẹ̀rọ sórí àga. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti Birmingham. Mo ní, "Jídé, mo gbọ́ ọ ní ìlú wọn. Ó ń sáré. Ìwọ lo jàre, èmi ni mo ṣì í. Jẹ́ kí a jọ gbọ́ ọ." Mo fẹ́ gbé àwo lé e.

Ó na ọwọ́, ó sì pa ẹ̀rọ náà.

Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ ní Ìbàdàn."

Nínú ilé, ọmọ odó ń dún.

Ó ní, "O rò pé orin ló dùn mí? Ẹnikẹ́ni lè ṣi orin gbọ́. Ẹ̀rọ yín ò dáa, o ò mọ̀, ó tán. Èyí tí o mọ̀ ńkọ́?"

Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Láti ṣọ́ọ̀bù Fíráǹkì ni mo ti mọ̀, láti ọjọ́ gbọ̀ngàn pàápàá. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, "Mo wò ẹ́ lójú lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, Délé ń bínú ni, á sọ òótọ́ báyìí. Mo dúró títí. Nígbà tí ìyàwó mi bi mí ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìbàdàn, ojú tì mí láti sọ pé òpùrọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní wọ́n bí bàbá mi síbẹ̀ ni. O rí i, Délé? O pè mí ní òpùrọ́ nígbà tí n kò purọ́. Ní báyìí mo ti wá ń pa á, nínú ilé ara mi, fún àwọn ọmọ mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ekuru níbẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi ni, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó ní, "Dìde. Ìyàwó mi ń bọ̀." Mo dìde. Ó ní, "Nínú gbọ̀ngàn lo ti sọ ọ́, níṣojú gbogbo wọn. Iwájú ilé mi kọ́ lo ti máa kó o jẹ."

Iyán dé. A jọ wẹwọ́, a jọ jẹun, kò sì sí ìjà ní ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni òtútù ibẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé etí títì, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í.

Gbogbo yín kò lè pé sínú gbọ̀ngàn yẹn mọ́. Àwọn kan wà ní Adó, àwọn kan wà ní Àkúrẹ́, àwọn kan ti kú. Ìwé ẹgbẹ́ wa yìí nìkan ló ń dé ọwọ́ gbogbo yín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹ rẹ́rìn-ín, mo purọ́ fún yín. Jídé lọ sí Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ó lọ nígbà tí mo di makirofóònù yẹn mú. Èmi ni mo gbé àpótí rẹ̀ dé gáréèjì Ìjerò láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, èmi ni mo gbé e sínú mọ́tò fún un, mo sì dúró ju ọwọ́ sí i títí mọ́tò náà fi lọ.